Lórí Àtúnkọ́ Ilojo Bar àti Àwọn Ilé Àgùdà Tó Kù ní Èkó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo ń kọ lẹ́tà yìí nípa ilé kan tí kò sí mọ́, àti nípa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù, tí àwọn náà lè má pẹ́ kúrò nílẹ̀ bí a kò bá tètè wá nǹkan ṣe. Ilojo Bar ni ilé tí mo ń sọ, èyí tó wà ní Tinubu Square níbi tí òpópónà Bamgbose ti yọ sí gbàgede náà, tí àwọn mìíràn mọ̀ sí Casa do Fernandez. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, nígbà tí ọdún Iléyá ku ọ̀la, ni wọ́n wó o palẹ̀. Bí àwọn kan ṣe ń sọ pé kí a tún un kọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń sọ pé ohun tó ti lọ ti lọ. Mo wà lára àwọn tó fẹ́ kí a tún un kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a óò gbà tún un kọ́ ló ń kọ mí lóminú, nítorí pé iṣẹ́ ọ̀mọ̀lé ni mo fi jẹun láti kékeré, mo sì mọ ohun tó máa ń rọrùn fún àwa ọ̀mọ̀lé ayé òde òní láti ṣe nígbà tí wọ́n bá gbé ilé àtijọ́ lé wa lọ́wọ́.

Kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kàn ń gba Tinubu Square kọjá lọ sí Balógun tàbí Marina. Nǹkan bí ọdún 1855 ni a gbà pé ìdílé Fernandez, tí wọ́n jẹ́ Àgùdà, kọ́ ọ. Àwọn Àgùdà ni àwọn tí wọ́n kó, tàbí tí wọ́n kó àwọn òbí wọn, lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì àti Kúbà, tí wọ́n ra ara wọn padà tàbí tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi padà wá sí Èkó pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ télọ̀ àti àwọn iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí, ní sàkáání Campos Square, là ń pè ní Pópó Àgùdà títí di òní. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Ilojo Bar. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà fún ọtí àti oúnjẹ, òkè rẹ̀ sì wà fún gbígbé. Orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ rí roboto, wọ́n sì fi ọ̀nà yí wọn ká lára ògiri, irú ọ̀nà tí ènìyàn ń fi ọwọ́ mọ nígbà tí pílásítà ṣì tutù, tí kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè bá ni ṣe é. Ní ọdún 1933, Alfred Omolana Olaiya rà á lọ́wọ́ ìdílé tó kọ́ ọ, ilé náà sì di ti ẹbí Olaiya. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè lábẹ́ òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣe ní ọdún 1953.

Kí wá ni ìkéde náà ṣe fún ilé yìí láàárín ọdún 1956 sí ọdún 2016? Ọgọ́ta ọdún nìyẹn. Òfin ọdún 1979, èyí tó dá Àjọ tó ń rí sí Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí ní Nàìjíríà sílẹ̀, kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti wó irú ilé bẹ́ẹ̀ tàbí kó yí i padà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àmọ́, ta ni yóò máa pààrọ̀ páànù tó ti jò? Ta ni yóò máa tún igi àjà tí ikán ti jẹ ṣe? Ta ni yóò san owó ọ̀mọ̀lé tó mọ iṣẹ́ náà dójú àmì? Ẹbí tó ni ilé kò lè tà á bó ṣe wù wọ́n, wọn kò lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù alájà mẹ́rin síbẹ̀ bí aládùúgbò wọn ti kọ́ ọ, wọn kò sì rí owó gbà láti fi tọ́jú èyí tí wọ́n ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn. Ẹni tó so màlúù mọ́lẹ̀ tí kò já koríko fún un, kò yẹ kó máa bínú sí ẹlòmíràn nìkan nígbà tí màlúù bá kú. Mi ò sọ èyí láti dá wíwó ilé náà láre. Ẹ̀ṣẹ̀ ni sí ìlú, inú mi sì ń bàjẹ́ títí di àsìkò yìí bí mo bá rántí rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí a bá tún Ilojo Bar kọ́ lónìí tí a sì fi í sílẹ̀ lábẹ́ irú ètò tó pa á lẹ́ẹ̀kíní, a kàn ń kọ́ ilé tí àwọn ọmọ wa yóò wó ni.

Àwọn kan máa ń sọ pé ilé tí a tún kọ́ kì í ṣe ojúlówó mọ́, pé irọ́ ni. Èrò yìí kò bá ìṣe wa mu. Ìga Ìdúngánràn, ààfin ọba Èkó, tó wà lórí ilẹ̀ tí Àrómirẹ́ fi dáko ata nígbà ìwáṣẹ̀, kò wà lójú kan. Ìran kan ń tún un ṣe, ìran mìíràn ń fi kún un, kò sì sí ọmọ Èkó tí yóò wojú rẹ̀ tí yóò ní kì í ṣe Ìga mọ́. Ẹ tún wo Kàtídírà Ìjọ Kírísítì ní Marina. Ọdún 1867 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ lélẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí a ń wò lónìí, Ọmọọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó padà jẹ ọba Edward Kẹjọ ló fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1925, ọdún 1946 ni wọ́n sì tó parí rẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún, ogun àgbáyé sì wà láàárín rẹ̀! Àwọn baba wa ní sùúrù láti kọ́ ohun tó dára bí owó bá ṣe ń wọlé. Nítorí náà, n kò rí ìdí tí a óò fi máa kánjú tún ilé ọdún 1855 kọ́ kó lè parí kí sáà òṣèlú kan tó tán.

Ibi tí mo fẹ́ dúró lé lórí jù lọ nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sùúrù kà á. Ilé Àgùdà kì í ṣe ilé símẹ́ǹtì. Ògiri amọ̀ tàbí ògiri bíríkì alámọ̀ tí wọ́n fi iná sun ni, èyí tí wọ́n fi láìmù rẹ́, ìyẹn òkúta ẹfun tàbí ìkarahun tí wọ́n sun, tí wọ́n fi omi pa, tí wọ́n sì pò mọ́ yanrìn. Láìmù kì í le tó símẹ́ǹtì, ó sì pẹ́ kó tó gan. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ògiri mí. Omi tó bá fà gòkè láti inú ilẹ̀ Èkó wa tó rẹ̀ sómi yìí, àti ọ̀rinrin tí afẹ́fẹ́ òkun ń gbé wọlé, yóò gba inú láìmù jáde, oòrùn yóò sì gbẹ ẹ́. Bí o bá wá fi símẹ́ǹtì líle rẹ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀, o ti dí ọ̀nà mọ́ omi náà nìyẹn. Kò ní rí ibi jáde, yóò dúró sínú bíríkì pẹ̀lú iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀, iyọ̀ náà yóò sì máa jẹ bíríkì láti inú wá nígbà tí ojú ògiri ṣì ń dán lóde.

Mo ti fi ojú mi rí i. Wọ́n pè mí sí ilé kan ní Pópó Àgùdà, tí wọ́n ti fi símẹ́ǹtì rẹ́ iwájú rẹ̀, tí wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè. Wọ́n ní ó ń dún kó-kó bí a bá lù ú. Nígbà tí a fi ọ̀bẹ ọ̀mọ̀lé kan igun rẹ̀ kan, odidi abala símẹ́ǹtì náà ṣí kúrò lára ògiri, ó sì wó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bíríkì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti rọ̀. Mo fi èékánná ha á, ó ń dà sílẹ̀ ní lẹ́búlẹ́bú, funfun iyọ̀ sì wà ní gbogbo oríkèé tí bíríkì ti pàdé bíríkì. Nínú yàrá ẹ̀yìn ilé kan náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì rántí tún ṣe, láìmù àtijọ́ ṣì wà lára ògiri. Ó ti ṣú, ó sì ti sán níbi méjì mẹ́ta, ṣùgbọ́n bíríkì abẹ́ rẹ̀ ṣì le koko. Àtúnṣe tí wọ́n náwó sí ló ń pa iwájú ilé náà. Àwọn onílé kò mọ̀, ọ̀mọ̀lé tó ṣe é kò mọ̀, kò sì sí ẹni tó kọ́ wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀rù pé, bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ Ilojo Bar jáde lọ́la fún kọngílá tó ní owó jù tàbí tó mọ ènìyàn jù, ohun tí a óò rí gbà ni búlọ́ọ̀kù oníhò, òpó kọnkéré, orí fèrèsé roboto tí wọ́n fi fọ́ọ̀mù gé tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ara ògiri, àti ọ̀dà tó ń tàn yinrin. Àwọn àlejò yóò ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilé yóò fi ọwọ́ kàn án, yóò sì mọ̀.

Nígbà àtijọ́, a ní àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. João Baptista da Costa, ọ̀gá ọ̀mọ̀lé Àgùdà, ni a mọ̀ mọ́ Mọ́sálásí Shitta-Bey ní òpópónà Martins, èyí tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894, lọ́jọ́ tí wọ́n fi oyè Bey tí Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Túrkì fi ránṣẹ́ dá Mohammed Shitta lọ́lá. Mọ́sálásí náà ṣì wà. Ohun tó mú un wà ni pé àwọn tó ń kírun níbẹ̀ kò jẹ́ kó ṣófo rí, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Da Costa yìí náà àti Sanusi Aka ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lórí Mọ́sálásí Gbogboogbò àtijọ́ tí wọ́n ṣí ní ọdún 1913. Ẹ ronú sí i wò: onígbàgbọ́ tó ti Bràsíìlì mú iṣẹ́ bọ̀ àti mùsùlùmí ọmọ Èkó, wọ́n jọ gun àkàbà kan náà, wọ́n sì jọ mọ ilé ìjọsìn fún gbogbo ìlú. Wọ́n ti wó mọ́sálásí yẹn láti fi àyè sílẹ̀ fún tuntun tí wọ́n ṣí ní ọdún 1988. N kò bá àwọn tó fẹ́ ibi tó tóbi jà, nítorí èrò ti pọ̀ ju àyè lọ lóòótọ́. Ohun tó dùn mí ni pé nígbà tí ilé ń lọ, iṣẹ́ ọwọ́ náà ń bá a lọ, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ kan tó gbà á sílẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé a kò lágbára láti tún nǹkan ṣe ní Èkó. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street tí àwọn òyìnbó kọ́, níbi tí wọ́n ti ti Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́lé rí, ti di Freedom Park láti ọdún 2010, gẹ́gẹ́ bí àwòrán tí Theo Lawson yà. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọrin níbẹ̀, wọ́n ń ṣe eré orí ìtàgé, wọ́n sì ń ta oúnjẹ. Ní Oníkan, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí wọ́n fi orúkọ John Randle pè ti dìde níbi tí odò ìwẹ̀ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ní Ìgànmú, wọ́n tún Gbọ̀ngàn Ìṣeré Àpapọ̀ ṣe látòkè délẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é. Ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ẹgbẹ́ Legacy 1995 tún Jaekel House, ilé ọdún 1898 tó wà nínú ọgbà rélùwéè, ṣe. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìjọba tàbí ti àjọ ìjọba ni gbogbo wọn. Ilé ẹbí ni kò ì rí ẹni tí yóò dúró tì í, bẹ́ẹ̀ ilé ẹbí ló pọ̀ jù nínú ohun tó kù ní Pópó Àgùdà, ní Láfíàjí àti ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Nítorí náà, Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rọrùn láti bẹ̀rẹ̀. Kí a tó gbé òkúta kan lé òmíràn lórí ilẹ̀ Ilojo Bar, kí wọ́n kọ́kọ́ wọn àwọn ilé Àgùdà tó ṣì dúró, kí wọ́n sì ya wọ́n sórí ìwé. Kì í ṣe fọ́tò lásán ni mo ń sọ. Kí wọ́n wọn bí ògiri ṣe nípọn tó, bí orí fèrèsé kọ̀ọ̀kan ṣe tẹ̀ tó, bí àtẹ̀gùn ṣe ga tó, irú igi tó wà lókè àjà, irú pílásítà tó wà lára ògiri àti bí wọ́n ṣe pò ó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa yíya àwòrán ilé wà ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà, wọ́n wà ní Yaba College of Technology. Okùn ìwọ̀n, ìwé àti ẹ̀rọ ayàwòrán ti tó fún wọn láti bẹ̀rẹ̀ nígbà ìsinmi wọn, pẹ̀lú olùkọ́ kan àti ọ̀mọ̀lé àgbà kan tí yóò máa tọ́ wọn sọ́nà. Bí ẹnì kan bá lọ wó ilé mìíràn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó kéré tán, ìwé rẹ̀ yóò wà nílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ tún un kọ́. Ní ti Ilojo Bar, fọ́tò tó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ló kù jù, àwọn tó sì ṣe ìgbéyàwó tàbí ìkómọ nítòsí ibẹ̀ nígbà náà ni wọ́n ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ nínú álíbọ́ọ̀mù ilé wọn. Kí Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Oníkan yan ẹnì kan tí yóò máa gbà wọ́n, tí yóò ṣe ẹ̀dà wọn, tí yóò sì dá ti oníǹkan padà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ owó. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ń gba owó ilẹ̀ àti ilé lọ́dọọdún lọ́wọ́ onílé. Kí òfin dá a sí fún ilé ẹbí èyíkéyìí tí ìjọba bá ti kéde ní ohun ìrántí, níwọ̀n ìgbà tí ẹbí bá ń tọ́jú rẹ̀ bó ti yẹ, kí wọ́n sì ya owó sọ́tọ̀ tí irú ẹbí bẹ́ẹ̀ lè yá láìsí èlé láti fi tún òrùlé àti ògiri ṣe. Bí òrùlé bá dára, ilé yóò pẹ́. Omi òjò ló ń kọ́kọ́ pa ilé amọ̀, ohun mìíràn kàn ń tẹ̀lé e ni. Kí ẹbí sì máa rí nǹkan jẹ lórí ilé náà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé oúnjẹ bó ti ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bákan náà ni mo fẹ́ kí Ilojo Bar tuntun rí. Kí ẹbí tó ni ilẹ̀ ní ìpín tiwọn nínú rẹ̀ lábẹ́ àdéhùn tó ṣe é kà fún gbogbo ènìyàn. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ibi tí ènìyàn ti lè jókòó jẹun, kódà kí wọ́n máa ta frejon, ẹ̀wà alágbọn tí àwọn ìyá Àgùdà wa ń sè ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, fún àwọn tí kò ní ìyá Àgùdà nílé. Kí òkè rẹ̀ jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ láìmù, iṣẹ́ bíríkì àti iṣẹ́ igi ti àtijọ́, kí kíkọ́ ilé náà gan-an sì jẹ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọn yóò kọ́. Àwọn tó bá jáde níbẹ̀ ni kí wọ́n máa rán lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan tó kù. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé yóò ti rí i, ọdún tí wọ́n kọ́ ti àkọ́kọ́, ọdún tí wọ́n wó o, àti ọdún tí wọ́n tún un kọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ti ọdún 1855 ló ń wò.

Ilé tí mo fẹ́ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ wíwọ̀n náà ni Ilé Omi ní òpópónà Kakawa, ilé João Esan da Rocha, níbi tí kànga wà tí àwọn ará Èkó ti ń ra omi mímu nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tíì dé ìlú. Ó ṣì dúró, ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ìtàn rẹ̀ sì kan gbogbo ìdílé tó bu omi níbẹ̀ rí. Kí àjọ tó ń rí sí ohun ìrántí àti iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí àṣà jọ tọ ẹbí da Rocha lọ, kí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá nílò ọ̀mọ̀lé tí yóò bá wọn di okùn mú, tí yóò sì sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ohun tó wà lẹ́yìn pílásítà, mo ṣe tán láti wá, n kò sì ní gba owó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀mọ̀lé kan ní Láfíàjí, Èkó.